Okùn Kúkúrú ní Ebúté-Ìrètí

"Bàbá, ọkọ̀ náà ń fò! Ó ti fi omi sílẹ̀, ó ń fò!"

Ọmọ ọdún méje ni Rejoice Olówòkéré lọ́jọ́ náà. Orí bẹ́ǹṣì ló dìde dúró sí nínú gbọ̀ngàn sinimá Ebúté-Ìrètí, ó ń pe bàbá tí kò sí nítòsí. Kòkúmọ́, bàbá rẹ̀, wà níta létí omi ní tirẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan fà á láṣọ pé kó jókòó, ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò padé títí fíìmù náà fi parí.

Àwọn Atukọ̀ Ìràwọ̀ ni orúkọ fíìmù ọ̀hún. Ayé kan tí kò ní ilẹ̀, tó jẹ́ kìkì omi, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé orí òpó ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé, bíi ti àwọn Rejoice gan-an ní abúlé wọn lápá Etíkàn. Lọ́jọ́ kan ni Mẹ́rà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá atukọ̀ wọn, wa ọkọ̀ gun ìgbì ńlá kan, ọkọ̀ náà kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Àárín ìràwọ̀ ló forí lé. Ibikíbi tí wọ́n bá dé lójú ọ̀run, wọn a ju okùn ìmọ́lẹ̀, wọn a so ọkọ̀ wọn mọ́ ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ bí ẹni so ọkọ̀ mọ́ òpó ní èbúté. Rejoice ti máa ń rí hẹlikópítà àwọn elépo tó ń kọjá lórí ilé wọn, ṣùgbọ́n kò rò ó rí pé ẹni tí wọ́n bí sórí omi náà lè dé ọ̀hún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rò ó.

Bàbá Ògúnlànà ló ni gbọ̀ngàn náà. Tíṣà ni, láti òkè, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, ló ti wá kọ́ni, ó fẹ̀yìn tì, omi sì wù ú débi pé kò padà sílé mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù, ṣùgbọ́n bàbá yìí kì í jẹ́ kí ìyẹn jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, yóò fi ìkíni àwọn ará etí omi kígbe "Orírò o, ẹ̀yin èèyàn mi!", gbogbo ilé a dáhùn, yóò wá máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí Mẹ́rà bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a tín-ín-rín. Bí ọ̀tá bá ń sọ̀rọ̀, ohùn náà a ki títí ikọ́ a fi dé. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì kú lójú ìjà, ẹnu ló máa fi ja ìjà náà parí. Àwọn kan tiẹ̀ ní ti ẹnu rẹ̀ dùn ju ti inú fíìmù lọ.

Apá kejì dé nígbà tí Rejoice pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé ká jọ wò ó."

"Èmi tí mò ń wo omi láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ni mo tún fẹ́ wo aṣọ funfun fún?" ni Kòkúmọ́ wí. "Lọ wò ó. Bí a bá ń lọ sílé, kí o rò ó fún mi."

Bí wọ́n ti ń wakọ̀ lọ sílé, Rejoice rò ó, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ọkọ̀ ń mì. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Ó dára o. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tiwọn?" Rejoice rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí apá kẹta tó dé. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ apẹja fún bàbá rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tuntun, lẹ́yìn tó ti ń retí rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ayọ̀ náà pọ̀ nínú ilé débi pé ìyá rẹ̀, Rhoda, ń fi aṣọ orí rẹ̀ nu ẹ́ńjìnnì. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì yìí, Kòkúmọ́ lè dé ojú òkun kó sì padà kí ẹja tó rọ̀. Láìsí i, etí odò nìkan ni àjẹ̀ rẹ̀ mọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n jọ lọ sí Ebúté-Ìrètí. Kòkúmọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ apẹja. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Bàbá Ògúnlànà máa fi apá kẹta hàn, lẹ́ẹ̀kan péré, torí pé ó gbọ́dọ̀ dá fíìmù náà padà fún àwọn tó yá a lọ́jọ́ kejì.

"Jókòó sínú ọkọ̀," ni Kòkúmọ́ sọ fún un. "Àwọn olè ẹ́ńjìnnì pọ̀ níbí. Omi sì ń kún bọ̀, bó bá ṣe ń gòkè, kí o máa dẹ okùn díẹ̀díẹ̀. Má kúrò níbẹ̀. Ìpàdé wa ò ní pẹ́. Bí mo bá ti dé, kí o lọ wo àwọn èèyàn rẹ."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ìpàdé pẹ́. Ẹni tó bá mọ ìpàdé àwọn apẹja mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀n kan ṣoṣo lè gba wákàtí méjì. Rejoice jókòó nínú ọkọ̀, ó ń gbọ́ ohùn Bàbá Ògúnlànà látinú gbọ̀ngàn: "Orírò o!" Ilé dáhùn. Ìgbà náà ni Godspower, ọmọ kíláàsì rẹ̀, sáré dé orí afárá pákó.

"Rejoice! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o! Mẹ́rà ti wà lókè!"

"Bàbá mi ní kí n ṣọ́ ọkọ̀."

"Ta ló fẹ́ gbé e lójú ọ̀sán gangan? So ó dáadáa. Ká wò ó díẹ̀ péré, ká sáré padà wá."

Rejoice wo ẹ́ńjìnnì, ó wo gbọ̀ngàn. Ó fa imú ọkọ̀ mọ́ òpó afárá, ó so okùn náà kúrú, ó ta á ní kókó mẹ́ta dan-in dan-in kí olè má baà tètè tú u. Ọmọ orí omi ni. Lọ́jọ́ mìíràn, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ pé a kì í so ọkọ̀ kúrú nígbà tí omi bá ń kún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, olè nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò rántí omi.

Fíìmù náà dára, ká má purọ́. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì lọ. Ọkọ̀ àwọn Mẹ́rà bàjẹ́ láàárín ìràwọ̀ méjì, òun fúnra rẹ̀ sì jáde síta láti tún un ṣe, okùn ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló so mọ́ ọn níbàdí. Ìràwọ̀ dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Okùn náà le, ó ń dún. Bàbá Ògúnlànà pàápàá ti dákẹ́. "Díẹ̀ péré" ti di wákàtí kan, Rejoice kò mọ̀.

Ohùn kan ta láti ìta: "Ọkọ̀ ta ló ń rì yìí o?"

Kò dúró wo bí okùn Mẹ́rà ṣe já sí. Ó fò kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sáré, Godspower tẹ̀ lé e. Omi ti kún dé abẹ́ afárá. Okùn kúkúrú náà kò jẹ́ kí imú ọkọ̀ gòkè, omi sì ti gba orí imú rẹ̀ wọlé. Ìdí ọkọ̀ ti rì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Godspower bẹ́ sómi, ó fi ọ̀bẹ gé okùn, àwọn èèyàn bá wọn wọ́ ọkọ̀ sẹ́bàá. Omi iyọ̀ ń ṣàn látinú ẹ́ńjìnnì tuntun bí ojú tó ń sunkún.

Godspower tẹnu bọ̀ ọ́ létí. "Gbọ́. Èmi nìkan ni mo rí kókó okùn yẹn, abẹ́ omi ló ṣì wà. Sọ pé ọkọ̀ ńlá àwọn elépo ló sáré kọjá, pé ìgbì rẹ̀ ló da omi sínú ọkọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè kejì."

Òótọ́ ló sọ, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Rejoice ti to irọ́ náà sẹ́nu tán nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, tó ń mí hẹlẹ. Kòkúmọ́ kò wo ẹ́ńjìnnì rárá. Èjìká ọmọ rẹ̀ ló dì mú.

"Ṣé kò sí ohun tó ṣe ọ́? O ò mumi? Ara rẹ dá?"

Ìbéèrè yẹn ló fọ́ irọ́ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá, mo lọ wo fíìmù," ó wí, omijé ń dà. "Kò sẹ́ni tó ṣe é. Èmi ni mo so okùn kúrú, tí mo sì fi ọkọ̀ sílẹ̀."

Kòkúmọ́ fi èjìká rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo òpó afárá, ó wo omi.

"Okùn náà kúrú," ó wí.

Ì bá ti sàn fún Rejoice kí bàbá rẹ̀ nà án. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó mi orí. Kòkúmọ́ padà sídìí àjẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ńjìnnì a ti kó ẹja tán kó tó dé, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì wà tí ìyá rẹ̀ kò rí ẹja yan. Ní gbogbo Sátidé, Rejoice ń bá bàbá rẹ̀ wakọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò, tó bẹ́, tó sì le. Bàbá Ògúnlànà ránṣẹ́ pè é pé kó wá gbọ́ bí okùn Mẹ́rà ṣe já sí, pé òun á rò ó fún un láìgba kọ́bọ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Rejoice wí. "Ó di ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dún nílé wa."

Kí ọjọ́ náà tó dé, òkun dé. Ó jẹ etí ilẹ̀ Ebúté-Ìrètí, ó sì mú gbọ̀ngàn sinimá lọ. Àwọn èèyàn fi ọkọ̀ kó bẹ́ǹṣì jáde. Bàbá Ògúnlànà ká aṣọ funfun rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó padà sí òkè. Gbogbo èbúté ló sìn ín sọ́nà, àwọn tó ti dàgbà lábẹ́ ohùn rẹ̀ ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó pé ọdún kan ààbọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ti rì, ẹgbẹ́ apẹja fún Kòkúmọ́ ní ẹ́ńjìnnì mìíràn, àlòkù. Rejoice gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé àwọn kan kọ̀ níbi ìpàdé, wọ́n ní kò mọ ẹ́ńjìnnì tọ́jú. Kòkúmọ́ wá dìde, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láìbu iyọ̀ sí i. Ó ní, "Ọmọ mi ì bá purọ́, ǹ bá sì gbà á gbọ́. Kò purọ́. Ilé tí òtítọ́ wà kì í pàdánù ohun gbogbo." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n bu ọlá fún.

Rejoice pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ń múra ìdánwò àṣekágbá nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan.

"Lọ́jọ́ Sátidé, a ń lọ sí Àkúrẹ́."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe, Bàbá?"

"Godspower rí i lórí fóònù rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn rẹ ti dé. Apá ìkẹyìn ni."

Ilé sinimá Àkúrẹ́ tutù, àga rẹ̀ rọ̀. Kòkúmọ́ di ọwọ́ àga mú bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Kí apá kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi òpin apá kẹta hàn. Mẹ́rà tún nìyẹn, lẹ́nu okùn. Ìràwọ̀ dúdú ń fà á. Nínú ọkọ̀, ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín àwọn atukọ̀ ló di ìdí okùn náà mú. Iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pè é pé kó sá, kò kúrò níbẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá fà, a dẹ okùn díẹ̀. Bó bá dẹwọ́, a fà á padà. Okùn náà kò já. Mẹ́rà wọlé.

Kòkúmọ́ tẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Wo bó ṣe ń dẹ okùn."

Rejoice fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ tó le náà mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí iná fi tàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n padà gúnlẹ̀ sí Ebúté-Ìrètí, níbi tí Kòkúmọ́ ti fẹ́ ra epo. Omi ń kún bọ̀. Ó gun orí afárá, ó yí okùn mọ́ òpó, ó ju ìdí rẹ̀ sí Rejoice, ó sì ń lọ. Kò sọ ohun tó máa ṣe fún un, kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Rejoice jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó ń dẹ ẹ́ bí omi ṣe ń gòkè, kò sì kúrò níbẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi dé.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, kò burú kí ìràwọ̀ wù yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi okùn lé yín lọ́wọ́, ẹ dúró tì í. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì so ó kúrú, ẹ tètè sọ ọ́ fúnra yín, torí ẹni tó bá jẹ́wọ́ okùn tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ la tún máa ń fún ní okùn mìíràn dì mú.