Ẹni Tí Ìyá Luyến Lọ Tọrọ ní Saigon

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin náà ti wà lókè òwú tí wọ́n ta sílẹ̀ lágbàlá kí Luyến tó pariwo.

"Bọ̀dá, ẹ dúró! Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lẹ fẹ́ tẹ̀ yẹn!"

Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékèélékèé. Luyến fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. Bí òun àti Khải ṣe pàdé nìyẹn.

Ọmọ Saigon, ìlú ńlá ní Vietnam, ni Khải, aṣọ tí wọ́n máa lò nílé ìtura ló wá rà. Ẹ̀yà kékeré ni àwọn Cham tí í ṣe ará ilé Luyến, òfì mẹ́ta péré ló sì kù tó ń ṣiṣẹ́ nílé wọn. Luyến ni àbígbẹ̀yìn obìnrin, nítorí náà, bí àṣà Cham, òun ló máa jogún ilé àti òfì. Ẹ̀rù ń bà á kí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ má kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Gbogbo ènìyàn ní ká ra ẹ̀rọ," ni Luyến wí fún Khải.

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ta ni ò ní ẹ̀rọ? Òfì mélòó ló dákẹ́ lábúlé yìí?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ jí wọn. Kí àwọn ìyá máa hun nílé wọn, kí ẹ fi àmì ìtajà kan ṣoṣo tà á."

"Ọlọ́gbọ́n Saigon!" Luyến fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọdún tó yí po, mẹ́sàn-án nínú wọn ti ń ró. Ìfẹ́ wọn náà ò gbẹ́yìn.

Àfi bí Khải ṣe gbé tíì àti ọtí wá tọrọ rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe nílé tirẹ̀. Ìyá Luyến wo ẹrù náà títí.

"Ẹni tó gbé ẹrù wá, ẹrù ló fẹ́ gbé lọ. Ọmọ mi ò lọ Saigon. Gbé e padà."

Khải lọ. Ọjọ́ méjì ni Luyến ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ìyá, mi ò lè fi ilé yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ṣebí àwa ará ilé obìnrin la máa ń lọ tọrọ ọkọ? Ta ló sọ fún un? Àwa la ò lọ!"

Ìyá dìde lọ rẹ ìrẹsì. Nígbà tó di Sátidé, ìyá tí kò rìn kọjá Phan Rang, ìlú tó wà nítòsí wọn, rí gbé àkàrà ìrẹsì lé itan nínú bọ́ọ̀sì Saigon, Luyến lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá Khải ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ọmọkùnrin yín ni mo wá tọrọ. Yàrá wà nílé wa, iṣẹ́ sì pọ̀."

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Háà! Ọmọ wa ló ń lọ sílé ìyàwó!" Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba àkàrà náà lọ́wọ́ ìyá.

Khải yọ lẹ́yìn wọn. Ó wo Luyến, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

"Ṣé kí n gbé e sílẹ̀ báyìí?"

"Gbé e sílẹ̀, olólùfẹ́ mi," ni Luyến wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ilé lò ń bọ̀."