Akọ Màlúù Ọlọ́rùn Tẹ́ẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ọgbà màlúù wọn, ẹsẹ̀ màlúù ló wò kó tó wo ojú ènìyàn.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ni ọmọbìnrin onílé wí. "Ṣé màlúù lẹ wá kí ni?"

Ojú tì í. "Ẹ má bínú. Bàbá yín ló ránṣẹ́ pè mí."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn tó ń sin màlúù tí wọ́n ń mú lọ síbi ìdíje yan akọ tí yóò gun abo wọn, kí ọmọ lè dára ju ìyá lọ. Wo-Ìyá-Rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bó ti wù kí akọ kan rẹwà tó, yóò ní kí wọ́n mú ìyá rẹ̀ wá kóun rí bó ṣe ń rìn.

Akọ ràbàtà ni Bàbá fẹ́ràn ní tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ irú akọ bẹ́ẹ̀ tóbi débi pé ó pa abo mẹ́ta lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló kúnlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń fi okùn fa ọmọ jáde. Ìyá tirẹ̀ ti kú tipẹ́, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá márùn-ún. Ìyá Màlúù ni àwọn aládùúgbò ń pè é, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Wo-Ìyá-Rẹ̀ yan akọ kan tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí etí rẹ̀ wó. Bàbá yọ ṣùtì, ṣùgbọ́n ó gbà. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Wo-Ìyá-Rẹ̀ ń wá wo àwọn abo tó lóyún, ọmọbìnrin náà sì ti mọ ìró bàtà rọ́bà rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Tó bá jẹ́ ìyàwó lẹ fẹ́ yàn ńkọ́?" ló bi í níjọ́ kan. "Ṣé ìyá rẹ̀ náà lẹ máa wò?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

"Ìyá tèmi ti kú."

"Bàbá ni mo máa wò nìyẹn. Ẹ̀rù wọn sì ń bà mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò pẹ́ tí Wo-Ìyá-Rẹ̀ fi lọ bá Bàbá pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bàbá ní kí àwọn ọmọ màlúù kọ́kọ́ délẹ̀ ná.

Wọ́n délẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kéré jọjọ. Bàbá figbe ta. "Ọmọ màlúù nìyí àbí ọmọ ewúrẹ́? O ba agbo mi jẹ́, o tún fẹ́ gba ọmọ mi!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà, Bàbá. Onísùúrù ló ń fún wàrà kìnìún."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tó gbẹ̀bí wọn, kí lo rí?"

Ó rí i pé abo kankan ò ké. Ó rí i pé okùn ò kúrò lórí ìṣó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò já Bàbá nírọ́ rí láyé rẹ̀.

"Wọ́n kéré, Bàbá."

Wo-Ìyá-Rẹ̀ wò ó, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ọdún méjì àbọ̀ kọjá. Tó bá di Sátidé, ọmọbìnrin náà á ṣì po tíì sí ife méjì, á wá da ìkan nù. Màlúù ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó tẹ ọkùnrin náà láago lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó gbọ́ "Ta nìyẹn?", ó pa fóònù, ó sì sunkún.

Àwọn tó kéré náà dàgbà. Lọ́jọ́ ìdíje, ọ̀kan nínú wọn gba ipò kìíní. Gbogbo èèyàn rọ́ wá. "Bàbá, ojú yín mọ akọ yàn o!"

Inú Bàbá dùn kọjá ààlà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tó tọ́ ọ, kí lo rí?"

"Mo rí iṣẹ́ ẹlòmíràn, Bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni mo ti rí i. Ẹ̀rù yín ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, àdánìkanwà sì ti fẹ́ẹ̀ pa mí."

Bàbá wo ẹsẹ̀ màlúù náà títí. "Ibo ló wà?"

Àárọ̀ ni ọmọbìnrin náà ti rí i, ní ìparí àgọ́ ìdíje, níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn màlúù onímàlúù. Ó lọ bá a. Irun funfun ti yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti yan ìyàwó?"

"Mi ò tíì yàn."

"Bàbá mi ló ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn. Ẹ wò wọ́n dáadáa."

Ọkùnrin náà wo Bàbá tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ṣí fìlà dání.

"Ẹsẹ̀ kan ń dùn wọ́n," ó ní.

"Ó ń dùn wọ́n."

"Mo gbà wọ́n bẹ́ẹ̀."