Ọwọ́ Òsì Ọ̀gá Vendel

Ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin gíga nínú aṣọ funfun, ìbòjú irin lábẹ́ apá, idà mẹ́ta lọ́wọ́, ó rọ̀ mọ́ ògiri àtẹ̀gùn bí akàn tó ń wọ ihò. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò sì tíì lù.

Etelka dúró lókè àtẹ̀gùn, ó ń wò ó.

"Ọ̀gá, ẹ ti mu tó báyìí láàárọ̀ kùtù?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ká ní mo mu ún ni, ǹ bá ti ré bọ́. Ǹ bá sì ti dé ìsàlẹ̀ tipẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, àmọ́ kò dénú. Ó mọ ìrìn yẹn, torí nínú ilé tiwọn ló ti kọ́kọ́ rí i. Bàbá rẹ̀, Bàbá Gáspár, fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ìlú wa, Szolnok, ní eré idà nínú gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ tí àtẹ̀gùn yẹn lọ sí gan-an. Ní báyìí, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ń gbé, Etelka ló sì ń gbé e dìde láràárọ̀. Ẹ̀wù awọ bàbá náà ló gbé wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀wù nínípọn tí olùkọ́ máa ń wọ̀ kí ọmọ lè rí àyà gún. Bàbá ní kó lọ fún ọ̀gá tuntun.

Vendel ni ọ̀gá tuntun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, kò níyàwó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, gbogbo àwa tá à ń gbé lókè gbọ̀ngàn náà la ti ṣèwádìí.

Etelka jókòó pé kóun wo ẹ̀kọ́ ẹyọ kan, ó wo mẹ́rin. Níbi omi gbígbóná ìlú wa ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí oríkèé ń dùn ló ń bá wọ́ra, kò sì sí ohun tójú rẹ̀ kì í rí lára èèyàn. Ọmọ ń sáré síwájú sẹ́yìn. Olùkọ́ dúró sójú kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, idà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ń gún un láyà. Ọ̀kan lọ, òmíràn dé. Méjìlá lójúmọ́! Ọmọ ń le sí i, olùkọ́ ń gbó sí i.

"Itan ọ̀tún yín tóbi bí òpó ṣọ́ọ̀ṣì," Etelka wí nígbà tó parí. "Ti òsì dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ àkọ̀."

"Itan mi lẹ jókòó wò láti àárọ̀?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Kò burú. Táwọn ará òkè bá bi mí, mà á ní iṣẹ́ ni."

Ìyẹn ni pé ó mọ̀ pé à ń wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu wọn. Wọ́n ń rìn létí odò Tisza nírọ̀lẹ́, wọ́n ń jẹ ìyẹ̀fun díndín tí wọ́n da wàrà kíkan lé, wàrà ń kan Vendel nímú, Etelka ń fi àtàńpàkò nù ún. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ara sì ń lọ lẹ́nu Etelka.

"Na ìgbáròkó rẹ kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé. Má dúró bí igi mọ́. Tí ọmọ bá lọ síwájú, bá a lọ; tó bá padà sẹ́yìn, bá a padà. Kí èkejì tó wọlé, mu omi, jókòó díẹ̀."

"Ó tán?"

"Ó ku ọ̀kan. Fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọmọ kan, fi òsì kọ́ ìkejì. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì náà jìyà tiẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ni Vendel ṣe àfi ti ìkẹyìn. Bàbá Gáspár ló kà á léèwọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn: ọ̀gá tó bá gbé idà sọ́wọ́ kejì, ara rẹ̀ ló ń tọ́jú, kò tọ́jú ọmọ. Ó ti lé olùkọ́ kan dànù rí lórí rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, Vendel gbé òdòdó méje lọ sílé wọn.

"Bàbá, Etelka ni mo wá tọrọ."

"Òun ni kó o bi."

Etelka ò fepo bọyọ̀. "Láràárọ̀ ni mò ń gbé ọkùnrin kan láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́. Mi ò lè gbé méjì. Olólùfẹ́ mi, fi ọwọ́ òsì kọ́ni, mà á fẹ́ ọ lọ́la."

"Tó bá fi ọwọ́ òsì kọ́ni," bàbá dá sí i, "kó dá ẹ̀wù mi padà."

Vendel wo ọmọ, ó wo bàbá, ó wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. "Ìgbáròkó mi ṣì ń gbé mi," ló wí. Etelka gbé òdòdó sínú omi. Kò sẹ́ni tó lé Vendel, òun fúnra rẹ̀ ló wá ilẹ̀kùn lọ.

Oṣù kọkànlá ni ìgbáròkó náà kọ̀. Ọmọ kẹjọ lọ́jọ́ yẹn gún un láyà, ó yẹ kó sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ò gbà. A gbọ́ gbì lókè. Tá a máa fi dé ìsàlẹ̀, ọmọ náà ti ń ké pé òun ti pa Ọ̀gá.

Dókítà ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Tó bá rọra lò ó, ẹsẹ̀ náà á gbé e fọ́dún márùn-ún. Tí kò bá rọra, kó lọ yan kẹ̀kẹ́.

Etelka délé, ó gbé ọbẹ̀ kaná, kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bàbá rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Bó ṣe nàró, ó fọwọ́ di ìbàdí mú, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Bàbá rí i.

"Ìgbà wo ló ti ń dùn ọ́?"

"Ọdún mẹ́fà."

Ọbẹ̀ tutù níwájú bàbá. Ó ti àwo náà sẹ́yìn. "Mo ní ara mi ni mo fi kọ́ wọn. Àṣé ara tìẹ ni."

Lóṣù kìíní, àwọn ọmọ mẹ́rin gbé kẹ̀kẹ́ bàbá sọ̀ kalẹ̀ sí gbọ̀ngàn. Vendel ti dúró tọ̀pátọ̀pá.

"Gbé idà sí òsì," bàbá pàṣẹ, ó sì gbé idà tiẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. "Háà! Ṣé idà lo mú yẹn, àbí ṣíbí ọbẹ̀?"

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, tí bàbá ń bú u, tí òógùn ń bọ́. Bàbá ń rù sí i, a sì rí i.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n parí, wọ́n gbé idà sókè kíra wọn. Ọwọ́ tí kò mú idà ni wọ́n máa ń fi bọ ara wọn lọ́wọ́. Láti kékeré Vendel, òsì ni. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀tún ló nà jáde. Bàbá gbá a mú, kò jù ú sílẹ̀, ó yíjú sí Etelka lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Lọ́wọ́ yìí ni wọ́n ń fi òrùka ìgbéyàwó sí nílùú wa. Ogójì ọdún ni tèmi fi wà nínú dúrọ́ọ̀, torí idà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níka. Etelka, mú un wá."

Ọjọ́ kẹsàn-án sígbà náà, bàbá kú.

Oṣù kẹrin ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, Etelka ṣì wà nínú aṣọ dúdú. Kò sórin, kò sí ariwo. Òrùka bàbá fẹ̀ díẹ̀ fún Vendel, ó ní kò burú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lókè àtẹ̀gùn nínú ẹ̀wù awọ.

"O gbọ́ pé ọdún márùn-ún ni dókítà fún mi."

"Mo gbọ́. Ọwọ́ wo lo máa fi kọ́ ọmọ àkọ́kọ́?"

"Òsì."

"Ó dáa. Máa lọ, ọkọ mi, wọ́n ń dúró."

Ó dojú kọ iwájú, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń tiro díẹ̀. Òrùka ń kan irin àtẹ̀gùn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Etelka fọwọ́ di ìbàdí, ó ń kà á, títí ó fi pé mẹ́tàlélógún, tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi tẹlẹ̀.