Ìyá Àgbà Bualai Fọwọ́ Síwèé

Mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ kúrò níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ èmi Lamduan yìí ni mo fi gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní mò ń parọ́, kó wá sí ìlú wa, Phrae, kó bi ọ̀gá Phadet tó ń lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù. Kò ní dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà níwájú ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ mi. Mò ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, mò ń ṣe fótókọ́pì, mò ń bá àwọn àlejò kọ fọ́ọ̀mù. Ará Jámánì, ará Íńdíà, ará Japáànù, gbogbo wọn ló ń dúró níwájú tábìlì mi bí ọmọ iléèwé. Mo sì máa ń bá wọn wí. Ẹni tí físà rẹ̀ máa dópin lọ́la tó wá ń rẹ́rìn-ín sí mi lónìí, inú máa ń bí mi sí i.

Lorelie kì í ṣe irú wọn. Ará Filipíìnì ni, olùkọ́ ni, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ìlú wa ló fẹ́, ó bí Khwankhao fún un, ọkọ wá kú sójú ọ̀nà. Nítorí ọmọbìnrin náà ni ìjọba fi ń fún Lorelie ní àṣẹ ọdún kọ̀ọ̀kan láti máa gbé níbí. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àgbà Bualai, ni òun àti ọmọ ń gbé, nínú ilé onígi kan lẹ́bàá odò.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí ni àṣẹ náà dópin. Bí kò bá gba òǹtẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, ó di arúfin nìyẹn. Thawon, àbúrò ọkọ rẹ̀, sì ti lúgọ dè é. Ó ti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù pé ìyá tí kò ní àṣẹ ìgbé-ìlú kò lè tọ́ ọmọ, kí wọ́n fa Khwankhao lé òun lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ọmọ o. Ìyá Àgbà ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ yẹn lòun máa fi ilé òun sílẹ̀ fún.

Èmi ni mo sì dá ọ̀ràn sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Lorelie mú ọmọ lọ sí Lampang, wọ́n sun òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ méjì. Bí àjèjì bá sùn síta báyẹn tó padà dé, onílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ kan. Lorelie bi mí. Mo ní, "Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, rìsíìtì tí onílé yín gbà tẹ́lẹ̀ á ṣe é." Pẹ̀lú ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ yẹn ló jáde lẹ́nu mi.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀gá Phadet wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó mi orí.

"Ẹ sùn sí Lampang. Onílé yín ò sì fi tó wa létí pé ẹ ti padà."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n san owó ìtanràn?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Kí onílé wá fúnra ẹ̀, kó fọwọ́ síwèé níwájú mi. Bó bá ti dé, màá lu òǹtẹ̀."

"Wọ́n ń bọ̀," ni Lorelie wí. Ìyá Àgbà ti sọ fún un láàárọ̀ pé òun á fọ irun òun, òun á sì wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, torí òun fẹ́ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń lu òǹtẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá. Aago mọ́kànlá kọjá. Lorelie pe ilé títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Nígbà tó di aago mọ́kànlá ààbọ̀, fóònù tèmi dún. Aládùúgbò Ìyá Àgbà ni, ìyá ẹlẹ́ja. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Lamduan, Ìyá Àgbà ti kú. Aago mẹ́jọ ni wọ́n bá òkú wọn ní balùwẹ̀. Thawon ló ń darí gbogbo ètò òkú. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ìyàwó ilé. Wọ́n ti wọṣọ fún wọn, wọ́n fẹ́ máa da omi òdòdó sí wọn lọ́wọ́ láti fi dágbére."

Mo pa fóònù. Mo wo Lorelie. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ wà ní gèètì. Mi ò lè sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to bébà tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Ọ́fíìsì ti ilẹ̀kùn ní aago méjìlá. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, àwọn àjèjì fọ́n ká. Oòrùn dúró sí àtàrí. Ajá tó máa ń sùn lábẹ́ tábìlì mi dìde, kò wo ẹ̀yìn, ó lọ. Àwọn kòkòrò orí igi tí kì í sinmi ariwo lọ́sàn-án dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ èémí ara mi. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago kan lù. Mo ní kí n kúkú sọ ọ́, kó lè sáré lọ sílé. Mo dìde.

"Lorelie."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ni ó wí. "Wọ́n ti dé."

Mo yíjú padà. Ìyá Àgbà Bualai dúró lábẹ́ àtíbàbà mi.

Mi ò rí i nígbà tó wọ gèètì. Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan lójú títì. Ìró tuntun ló ró, èyí tí òun fúnra rẹ̀ hun tó sì tọ́jú de ọjọ́ ikú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìró yẹn. Kò wọ bàtà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tutù. Omi ń kán níbẹ̀, tó, tó, tó, sórí sìmẹ́ǹtì. Omi náà ń ta sánsán bí òdòdó. Ojú okùn tí a fi ń di ọwọ́ òkú wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Yíǹkì dúdú wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.

Lorelie ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ẹ pẹ́ o, Ìyá Àgbà. Ọkàn mi ti fò lọ."

Ìyá Àgbà ò la ẹnu tán. "Wọ́n dá mi dúró."

Nǹkan kan ró lẹ́yìn eyín rẹ̀. Irin ni. Nílé wa, a máa ń fi ẹyọ owó kan sí òkú lẹ́nu. Èmi fúnra mi ló fi í sí ìyá mi lẹ́nu.

Ó na káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sí mi. "Bá mi ṣe ẹ̀dà ẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tan yín jẹ. Igbe ló wà lọ́nà ọ̀fun mi, bí mo bá sì ké e, gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Mo wo Lorelie. Mo ro ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà níléèwé, tí wọ́n máa fà lé Thawon lọ́wọ́ nítorí ẹnu mi. Mo gbé igbe náà mì. Mo gba káàdì. Ó tutù bí yìnyín. Mo tẹ bọ́tìnnì, iná ẹ̀rọ kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀dà jáde. Ojú rẹ̀ hàn kedere lórí bébà.

Mo gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀, mo fún un ní bírò. "Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé síbí, Ìyá. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó síbí. Ìbuwọ́lùwé, kó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá." Mo sọ ọ́ tán bí mo ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ó kọ ọ́. Mi ò lè wo ohun tó ń kọ, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

Aago kan lù, ilẹ̀kùn ṣí. A wọlé, àwa mẹ́ta. Ìyá Àgbà jókòó níwájú ọ̀gá Phadet.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ mọ obìnrin yìí?"

"Ọmọ mi ni."

Ó fọwọ́ síwèé. Omi kán sórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá Phadet fi bébà nù ún, ó fi ọwọ́ ra apá ara rẹ̀ méjèèjì. "Ta ló jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù yìí tutù tó báyìí?" Ó tẹ rìsíìtì jáde: aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló ṣí pásípọ́ọ̀tù Lorelie, ó gbé òǹtẹ̀ sókè, ó sì lù ú. Ọdún kan gbáko. Ẹ̀yin ará mi, mi ò gbọ́ ìró tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lorelie yíjú láti dì mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Àga ti ṣófo. Omi wà nílẹ̀ láti ìdí àga títí dé àárín yàrá. Ibẹ̀ ló parí sí.

Níta ni mo ti sọ fún un. Mo di apá rẹ̀ mú kí n tó sọ ọ́.

"Láti aago mélòó?" ni ó bi mí.

"Mẹ́jọ."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sunkún bí ẹni tí ìyá tó bí i lọ́mọ kú, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nígbà tó ṣe, ó ṣí pásípọ́ọ̀tù, ó gbé ojú ìwé òǹtẹ̀ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni Thawon dé pẹ̀lú aṣọ dúdú. Ó kọjá lára wa bí ẹni tí kò rí wa, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. A tẹ̀ lé e. Ó gbé ìwé méjì sórí kántà.

"Ọ̀gá, ìyá mi ti di olóògbé. Ìwé ikú rèé. Ìwé tí wọ́n fi fún mi nílé náà rèé, ọ̀sán òní ni wọ́n tẹ̀ka sí i. Èmi ni onílé báyìí, mi ò sì gba obìnrin yìí sílé."

"Ìyá ti wá fọwọ́ síwèé fún un," ni ọ̀gá Phadet wí.

Thawon rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi fọ́ọ̀mù hàn án. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Irọ́ ni. Ìyá mi ti kú láti aago mẹ́…" Ó na ọwọ́ sí ìwé ikú.

"Láti aago mélòó?"

Ọ̀gá Phadet mú ìwé ikú, ó kà á sókè. "Aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún baálẹ̀, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìyá wà níwájú mi. Ṣé irọ́ lẹ pa nínú ìwé ìjọba ni?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìka òkú ìyá rẹ̀ ni Thawon tẹ̀ bọ yíǹkì, ó fi tẹ ìwé ilé. Kí ìwé náà lè dúró, ó sún ikú síwájú di aago méjì. Mi ò lè pa ẹnu mọ́.

"Bùrọ̀dá Thawon, ìka ta lèyí? Ìyá yín ò tẹ̀ka rí láyé wọn. Wọ́n á bá èèyàn jà bí ẹ bá gbé yíǹkì sún mọ́ wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn."

Ọ̀gá Phadet to ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. "Màmá Lamduan, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà méjèèjì." Mo ṣe é. Inú mi dùn dé ibi pé mo ṣe mẹ́rin-mẹ́rin, mi ò sì gba kọ́bọ̀. Thawon jáde, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga. Oṣù tó tẹ̀ lé e, kóòtù da ẹjọ́ rẹ̀ nù, wọ́n sì fagi lé ìwé ilé náà. Khwankhao ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn náà ni ọ̀gá Phadet pè mí wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà búra pé àwa méjì péré, èmi àti Lorelie, ni òun rí pé a wọlé ní aago kan ọjọ́ náà. Ó gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Níbi orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé, Ìyá Àgbà kọ Lorelie, ó kọ Khwankhao. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ tiwọn. Níbi bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó, ó fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: títí lọ.

"Ṣé kí n pa orúkọ kẹta rẹ́?" ni ó bi mí.

"Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀."

Ó ti fáìlì náà bọ inú àpótí. A ò tún sọ ọ́ mọ́.

Thawon lọ sí ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìsìnkú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní àárọ̀ ni, Lorelie àti ọmọ wà níléèwé, kò sí èèyàn nínú ilé. Ó fẹ́ kó ẹrù díẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ látinú ilé, bí ẹni tí kò la ẹnu tán, ó ní kó kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ han òun.