Orúkọ Tó Kúrò Lára Ògiri

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìṣó nìkan ló kù lára ògiri yàrá ọmọ. Pákó tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ọmọ tuntun sí, Claudia, ti di àwátì. Aago fàdákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń dún.

Ìyá ọmọ bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láti wá bá a tọ́jú ọmọ, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó kọjú sí ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé náà. Ó ní kó tú báàgì rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Aṣọ ìwọ̀sùn tó ti gbó ló jáde, àti ọṣẹ. Ọmọbìnrin náà kó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbójú sókè. Ojú gba ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tì.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo yàrá náà bó ṣe yẹ kó ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ìṣó náà ga. Kọ́bọ́ọ̀dù wà lábẹ́ rẹ̀, ìgò oúnjẹ ọmọ kún orí rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó yẹ̀ níbi tí wọ́n tò ó sí. Ẹni tó mú pákó kò gun nǹkan kan. Ó kàn nawọ́ ni. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá tiẹ̀ fò sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó ìṣó yẹn. Ìyá ọmọ, àbúrò rẹ̀, ńkọ́? Láti kékeré ni àìsàn ti mú un lẹ́sẹ̀. Ó ń tiro, kì í sì í nàró láìdi nǹkan mú.

Ó wá ku ọkùnrin méjì tó ga: bàbá ọmọ, àti gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ pákó náà, tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe nírọ̀lẹ́ àná.

Wọ́n pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Inú bí i díẹ̀, ó ní kí lòun fẹ́ fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Àmọ́ ó ní òun ṣì ní irú igi yẹn, òun á gbẹ́ òmíràn kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá kí ọmọ tó dé lọ́sàn-án.

"Ẹ má ṣèyọnu," bàbá ọmọ yára dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wò ó. Ọkùnrin yìí kan náà ló ti ń fi orúkọ yẹn yangàn láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ, tó ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé "ọlá ayaba" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti àárọ̀ òní, "ọmọ yìí" ló ń pè é.

Ó pè é wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹni tó wá fi aago fàdákà sílẹ̀, ó mú pákó. Orúkọ ló fẹ́ gbé kúrò, kì í ṣe igi. Kí ni ìtumọ̀ Claudia?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Ó wá jẹ́wọ́. Kò wádìí orúkọ náà rárá. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ni, ó sì fúnra rẹ̀ hùmọ̀ ìtumọ̀ fún un. Lánàá, níbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kan bi í bóyá ó mọ ohun tó sọ ọmọ. Ọ̀gá náà ní inú ọ̀rọ̀ Látìnì àtijọ́ kan ni wọ́n ti mú un, tó túmọ̀ sí ẹni tó ń tiro. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sùn, ó nawọ́ mú pákó, ó fi í pamọ́ sínú bùútù ọkọ̀. Ó rò pé bí kò bá sí pákó mọ́, òun á rí àyè yí orúkọ padà.

"Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ."

"O sì dúró, ò ń wò mí bí mo ṣe ń tú báàgì ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹnu mi wúwo, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá ọmọ gbọ́ ọ dópin.

"Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní atiro. Ẹsẹ̀ mi kò tì mí lójú mọ́. Èyí tó tì mí lójú ni pé ẹ jẹ́ kí wọ́n pe ọmọbìnrin yẹn ní olè."

Bàbá ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi tirẹ̀ kò kéré. Ọmọbìnrin náà ní kò sí wàhálà, kí wọ́n dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fẹ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sún sẹ́yìn.