Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Ilé Ìyá Mùktárù

Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí Sàfúrátù gbójú sókè lórí màṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, tó rí ọkùnrin gíga kan tó ń fo ẹrẹ̀ bọ̀ ní àdúgbò wọn ní Máfolúkù. Ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàǹgbà tó gbòde nígbà náà ló wọ̀, etí ṣòkòtò náà sì ti mu ẹrẹ̀ yó. Ọkùnrin náà rẹwà, kò sí irọ́ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Sàfúrátù kọ́kọ́ rín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Mísbáù lorúkọ mi. Ìjọba ló rán mi wá."

"Ẹ káàbọ̀, bọ̀dá. Ṣé ìjọba ló ní kẹ́ ẹ máa fi ṣòkòtò gbálẹ̀ àdúgbò wa?"

Mísbáù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti kó wọ̀ ọ́ lára.

Owó epo ń ṣàn nígbà náà, Èkó ń fẹ̀ lójoojúmọ́, ọ́fíìsì Mísbáù ní Ìkẹjà sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbé Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ibẹ̀ rí lọ́jọ́ iwájú. Ó wọlé lọ bá ìyá Sàfúrátù, opó tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Mùktárù.

"Mà, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí Máfolúkù rí ní ogún ọdún sí i?"

"Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i o. Àmín."

"Àmín, mà. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ níbẹ̀?"

"Àlàáfíà. Kò ní í bàjẹ́ o. Àmín."

Bí gbogbo àgbà ṣe ń dá a lóhùn nìyẹn, àdúrà ṣáá ló ń kó padà sí ọ́fíìsì. Sàfúrátù ló ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ má bi wọ́n ní ti ọjọ́ iwájú mọ́, ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń dùn wọ́n lónìí."

Mísbáù gbọ́ràn, ni ẹnu bá là: omi ẹ̀rọ, gọ́tà, afárá tí èèyàn máa gbà kọjá rélùwéè. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kì í gbé e gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Sàfúrátù. Iṣẹ́ kẹ̀! Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wá.

"Safú mi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Ẹ kọ́kọ́ wá ṣòkòtò tó mọ níwọ̀n wọ̀."

Síbẹ̀ ó gba ṣòkòtò náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹnu rẹ̀ kù, kò sì gba kọ́bọ̀.

Àṣìṣe kan ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mísbáù wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilé tó bá ti wọ̀, kó má baà tún padà síbẹ̀. Kò rántí pé ilé tí wọ́n bá sàmì sí létí títì ńlá tí wọ́n ń là ní Òṣòdì, katapílà ló ń tẹ̀ lé e. Ìyá Mùktárù jáde láti ṣe àlùwàlá, ó rí àmì funfun lára ògiri tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ẹ̀yìnkùlé ilé náà ni wọ́n sin ọkọ ọ̀hún sí.

"O wá wó ilé mi, o tún fẹ́ mú ọmọ mi! Má tẹ ibí mọ́!" ló fi pàdé Mísbáù nígbà tó dé.

Mísbáù ṣàlàyé títí, ìyá ò gbọ́. Ó fi omi nu àmì náà, ìyá ní omi kò lè nu ohun tó wà lọ́kàn ìjọba.

"Bí màámi ò bá gbà, mi ò lè bá yín lọ," Sàfúrátù wí, omijé ń bọ́ sórí aṣọ oníbàárà. "Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ nínú ẹ̀rù."

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni a máa bẹ ọ̀wẹ̀, á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ fún àna. Èkó ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé àṣà yẹn. Àfi bí Mísbáù ṣe kó àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, tí Albert, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ru àpò sìmẹ́ńtì, tó ń mí hẹlẹ. Wọ́n po yanrìn pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri Ìyá Mùktárù. Ká sòótọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n rẹ́.

"Kí lẹ̀ ń ṣe? Ilé tẹ́ ẹ fẹ́ wó lẹ tún ń rẹ́?"

Mísbáù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ sìmẹ́ńtì.

"Màámi, mi ò lè búra fún yín lórí ohun tí àwọn ọ̀gá máa ṣe. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni mo máa gbé dé iwájú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wó ilé yìí, iṣẹ́ ọwọ́ tèmi náà ni wọ́n máa wó. Ẹ̀gbẹ́ yín ni wọ́n máa bá mi."

Ìyá Mùktárù sún mọ́ ògiri. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ògiri tútù náà.

"Ó wọ́."

"Ó wọ́, mà."

"Ti Bàbá Mùktárù náà wọ́ nígbà tó kọ́kọ́ rẹ́ ẹ." Ó fi ìborùn nu ojú. "Sàfúrátù! Gbé omi wá fún ọkọ rẹ."

Sàfúrátù gbé omi sáré jáde, ó ń dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ tún kọjú sí Mísbáù.

"Níbo ni bírò ẹ wà? Ohun tó o bi mí níjọ́sí, mo fẹ́ dá ẹ lóhùn. Ní ogún ọdún sí i, mo fẹ́ kí omi ẹ̀rọ wà lójúde yìí, kí àwọn ọmọ ẹ̀yin méjèèjì sì máa fi ọwọ́ ìdọ̀tí ba ògiri yìí jẹ́ fún mi."

Mísbáù kò rántí bírò. Ojú Sàfúrátù ló ń wò.

"Àmín, mà," ló wí.