Àwòdì Kan Tí Gàní Kò Kà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Gàní, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ lórí àpáta ní òkè Sóbì, ó ń wo ojú ọ̀run, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ṣe bí wèrè ni. Igi ìdáná ni mo wá ṣẹ́, mo sì ti fẹ́ gba ibòmíràn lọ.

"Má ṣe gba iwájú mi," ó ní. "Mo ti kà á dé igba ó lé mẹ́ta."

"Kí lo ń kà?"

"Àwòdì."

Mo wòkè. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́, wọ́n ń yí po, wọ́n ń ga sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á kọrí sí àríwá. Ta ni kò mọ̀ ní Ìlọrin pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwòdì a lọ? Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á tún padà wá kó wa ní òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó kà wọ́n rí?

Òyìnbó kan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ní kí òyìnbó náà máa wọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tó ń fò ló jẹ ẹ́ lógún. Ó ní bí Gàní bá ka àwòdì tó ń lọ lójoojúmọ́ títí wọn ó fi tán, òun á fi í sí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọmọ Gàmbàrí ni Gàní, ilé kéwú ló ti mọ̀wé, nítorí náà orí wàláà, pátákó ìkọ̀wé kéwú, ló ń fi tàdáà, yíǹkì tí omi ń fọ̀ kúrò, kọ iye wọn sí, bí ọmọ kéwú ṣe ń kọ súrà.

"O ń ṣì í kà," mo sọ fún un. "Èyí tó ń yí po yẹn, o ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó ń yí po ò tíì lọ. Èyí tó bá kọrí sọ́nà ni kó o kà."

Ó dìde jókòó. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Safiyat."

Láti ọjọ́ náà ni igi kò ti tó mọ́ nílé wa. Bí Ìyá àgbà bá ti ní kí n lọ ṣẹ́ igi, àwòdì tó ń re Ìbarà ni, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mú. Bàbá mi, Alfa Salahudeen, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnu Gàní ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "Sàfí mi". Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Nígbà tó wá tọrọ mi, Bàbá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó sọ òtítọ́, ọmọ tálákà.

"Ẹni tó ń ka ẹyẹ, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ mi?" Bàbá ní. "Lọ wọ iṣẹ́ òyìnbó yẹn ná. Ọjọ́ tó o bá wọ̀ ọ́, n ó so yìgì yín."

Ọjọ́ tí àwòdì ìkẹyìn lọ, ẹgbàajì ó lé mẹ́tàdínlógójì ni gbogbo wọn. Gàní ń gbé wàláà rẹ̀ lọ fún òyìnbó, ó ní kí òun kọ́kọ́ yà kí Bàbá. Ó fi í ti ara ògiri lẹ́bàá wàláà àwọn ọmọ kéwú Bàbá, ó wọlé.

Ìgbà tí a jáde, wàláà náà ti funfun, ó ń gbẹ lóòrùn.

"Ìyá àgbà, ta ló fọ wàláà yìí?" mo bèèrè.

"Èmi ni." Igbá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi omi tó kù ra orúnkún tó ń dùn wọ́n láti ọdún mẹ́ta; omi tí a bá fi fọ súrà kúrò lára wàláà, oògùn ni lọ́dọ̀ wa. "Mo ti mu tó. Ó kún dáadáa, Ọlọ́run á san án fún ẹni tó kọ ọ́. Súrà wo ni?"

Gàní lóṣòó níwájú wọn. "Kò burú, Ìyá. Kó jẹ́ oògùn."

Òyìnbó kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Iye ojoojúmọ́ ló fẹ́, lákọsílẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí ìhà Kánò; bí Gàní bá lè tẹ̀ lé òun, kó ka àwọn ẹyẹ náà níbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì bọ́.

Mo sìn ín dé Òkè-Òyì.

"Bí àwòdì bá ti ń padà, máa wo ọ̀nà," ó ní.

"Bí n ò bá rí ọ láàárín wọn ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mò ń yí po, Sàfí mi. Ìwọ lo kọ́ mi. Èyí tó ń yí po ò tíì lọ."

Ọyẹ́ dé, àwòdì dé, Gàní kò dé. Mo máa ń lọ sí òkè Sóbì, mo ń kà wọ́n, kò sí ẹni tí n ó sọ iye wọn fún. Àwọn ọkùnrin wá tọrọ mi, mo kọ̀. Ilé wa pa rọ́rọ́. Orúnkún Ìyá àgbà sì san pátápátá, wọ́n ń rìn kiri bí ọmọge. Ẹ má bínú, mo kórìíra orúnkún yẹn. N kò sọ ohun tí wọ́n mu fún wọn rí.

Ní ọyẹ́ kẹta, oníṣòwò obì kan tó ń jẹ́ Danjuma gbé ẹrù kan wá tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó ní ibà ló mú Gàní nígbà tó ń bọ̀ wálé, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Òun àti àwọn èrò yòókù ni wọ́n sin ín.

Wàláà ló wà nínú aṣọ náà. Iye kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá kà á fún mi títí dé ìlà ìkẹyìn: "Ọ̀kan ń yí po lórí mi láti àárọ̀. N kò kà á. Kí Safiyat bá mi kà á."

Òyìnbó ti re ìlú rẹ̀. Bàbá ní kí n gbé wàláà náà pamọ́. Mo lọ bu omi. Mo fọ wàláà náà sínú igbá, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo mu ún tán.

Ìyá àgbà rí mi. "Safiyat, súrà wo nìyẹn?"

"Ó kún dáadáa, Ìyá," mo ní.

Mo ti dàgbà ju bí Ìyá àgbà ṣe wà nígbà náà lọ. Àwòdì kan yẹn, n kò tíì kà á.